Ọjọ́ Kan Níbi Ìtàkìtì Omi àti Zip Line: Ìwé Ìlàlóye fún Èrò Ọkọ̀ Ojú Omi àti Ará Ilé Wọn ní Odawna

Ta ni a kọ ìwé yìí fún?

Bí ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ bá gúnlẹ̀ sí èbúté Tema láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló sábà máa ń ṣí. Láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn ni èrò inú rẹ̀ fẹ́ fi rí Gánà. Ẹlòmíràn nínú wọn ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń tajà ní Accra: ní Odawna, ní Circle, ní Tudu, tàbí ní Accra New Town tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Lagos Town. Ará ilé bẹ́ẹ̀ ni yóò wá mọ́tò, òun ni yóò wá amọ̀nà, òun náà ni yóò sì mú àlejò rẹ̀ lọ wo ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta, tàbí ibi tí wọ́n ti ń fi wáyà gbé èèyàn fò kọjá lókè igbó.

Àlejò, ẹni tó gbà á lálejò, àti awakọ̀ tó ń gbé wọn ni a kọ ìwé yìí fún. Ọ̀rọ̀ kan la fẹ́ kí ẹ mú lọ: ìkánjú ló ń sọ ọjọ́ ìgbafẹ́ di ọjọ́ ẹkún. Ẹni tí àkókò ń lé kì í dúró kí wọ́n yẹ bẹ́líìtì rẹ̀ wò. Òun náà ló ń sọ fún awakọ̀ pé kó tẹ̀ ẹ́, òun ló sì ń bẹ́ sómi láì béèrè bó ṣe jìn tó. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ẹ yan ibi tí àkókò yín gbà

*Boti.* Ẹkùn Ìlà Oòrùn ló wà, nítòsí Huhunya, láàárín Somanya àti Koforidua. Odò Pawnpawn ló ń já wálẹ̀ níbẹ̀ láti orí àpáta tó ga tó nǹkan bíi mítà 30. Ojú méjì ló ń gbà já: àwọn ará ibẹ̀ ń pe ọ̀kan ní akọ, wọ́n ń pe èkejì ní abo. Àtẹ̀gùn bíi 250 lẹ ó sọ̀ kí ẹ tó dé ìdí omi, iye kan náà lẹ ó sì gùn padà. Ẹni tó ti gun Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà rí mọ bí orúnkún ṣe ń kérora lọ́jọ́ kejì. Lásìkò ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, omi Boti lè fà gan-an, nítorí náà ẹ béèrè bó ṣe rí kí ẹ tó gbéra. Láti Tema, ẹ lè gba Afienya àti Kpong dé Somanya, láì fojú kan súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Circle rárá.

*Shai Hills.* Ọ̀nà Tema sí Akosombo kan náà ló wà. Kò sí ìtàkìtì omi níbẹ̀, àmọ́ òkè, ihò àpáta àti àwọn ọ̀bọ ńláńlá wà níbẹ̀. Orí òkè yìí ni àwọn ará Shai ń gbé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó lé wọn kúrò ní ọdún 1892. Ó dára fún ẹni tí àkókò rẹ̀ kéré. Ẹ má ṣe fún àwọn ọ̀bọ náà lóúnjẹ, ẹ má sì ṣí fèrèsé mọ́tò sílẹ̀ bí ẹ bá ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́.

*Wli.* Ẹkùn Volta ló wà, nítòsí Hohoe, lẹ́bàá ààlà Togo. Omi tó ń já níbẹ̀ láti ara odò Agumatsa lókìkí gan-an, àìmọye àdán ló sì so mọ́ ara àpáta rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Accra dé ibẹ̀, ó tó wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mọ́tò, lẹ́yìn èyí lẹ ó tún fẹsẹ̀ rin igbó fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ṣí lọ́jọ́ náà kò gbọ́dọ̀ dán an wò.

*Kakum.* Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Takoradi dípò Tema, ibí yìí ló súnmọ́ jù. Afárá okùn tí wọ́n ta sórí igi níbẹ̀ láti ọdún 1995 gùn tó nǹkan bíi mítà 350, ibi tó ga jù lára rẹ̀ sì fi nǹkan bíi mítà 40 jìnnà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn ín, kì í ṣe zip line.

Ẹ ka àkókò láti ẹ̀yìn wá

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ìgbà tí ẹ ó jáde. Ìgbà tí ọkọ̀ yóò ṣí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ fẹ́ ṣí ní aago 6 ìrọ̀lẹ́:

- Aago 5: gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé. Ẹ wo aago tí wọ́n kọ síbi àbáwọlé ọkọ̀, nítorí òun lòfin.
- Aago 4: kí ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà èbúté.
- Aago 1 ọ̀sán: kí ẹ ti kúrò ní Boti. Ìrìn wákàtí méjì sí méjì àbọ̀ ni, ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún táyà tó lè jò tàbí ọlọ́pàá tó lè dá yín dúró.

Bí ẹ kò bá tíì dé Boti nígbà tí aago 11 àárọ̀ bá lù, ẹ yà sí Shai Hills, kí ẹ sì gbàgbé Boti. Ẹ rántí pé bí ìrìn àjò tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣètò bá pẹ́, ọkọ̀ sábà máa ń dúró dè wọ́n. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ mú jáde kò ní irú àǹfààní yẹn. Kí ará ilé máa lọ pàdé àlejò ní Tema, kó má sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá jẹun ní Odawna.

Kí ẹ tó kúrò nílé

*Ìwé.* Gánà ń béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá gbọ́dọ̀ ti kọjá lẹ́yìn tí ẹ gba abẹ́rẹ́ náà kí ẹ tó wọlé. Láti oṣù Keje ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé abẹ́rẹ́ kan tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, nítorí náà káàdì àtijọ́ tí wọ́n kọ ọdún mẹ́wàá sí ṣì dára. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò nílò físà, nítorí àdéhùn ECOWAS. Ẹni tó bá mú ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà dání gbọ́dọ̀ bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ léèrè kó tó wọkọ̀.

*Ibà.* Ẹni tó ti pẹ́ ní ìlú òyìnbó kò lágbára àtijọ́ sí ibà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Kí dókítà fún un lóògùn ìdènà kó tó gbéra. Kó wọ aṣọ alápá gígùn, kó sì fi oògùn ẹ̀fọn para.

*Ara.* Kí àwọn wọ̀nyí má gun zip line: aboyún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí kò tíì rọlẹ̀, ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí wárápá, ẹni tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń dùn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àti ẹni tó ti mutí. Ẹni tó ní asthma gbọ́dọ̀ fi oògùn tó ń fà sínú sápò. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn Boti pẹ̀lú inú òfìfo.

*Ẹrù.* Omi mímu tó pọ̀, bàtà tí abẹ́ rẹ̀ kì í yọ̀, ṣòkòtò, aṣọ ìpààrọ̀, àti owó cedi wẹ́wẹ́ fún owó ìwọlé.

Níbi omi

Òjò tó ń pani níbi ìtàkìtì omi kì í sábà rọ̀ lójú ẹni. Òkè odò ló ti ń rọ̀, nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn ní ìsàlẹ̀. Kò yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ará Odawna ní èyí. Òkè Akuapem ni odò Odaw ti ṣàn wá kó tó kọjá lẹ́bàá ọjà wa lọ sí ọ̀sà Korle, òjò òkè lọ́hùn-ún sì ń di àgbàrá lọ́dọ̀ wa. A kò tíì gbàgbé ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015, tí omi kún Circle, tí epo bẹntiróò tó léfòó lórí omi gbiná, tí èèyàn tó lé ní 150 sì bá a lọ.

Àmì mẹ́ta ló ń sọ pé omi ń bọ̀: omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ewé àti igi wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá, ariwo rẹ̀ sì ń le sí i. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ bọ́ sí òkè kíákíá. Ẹ má ṣe dúró kó ẹrù.

Ẹ̀fúùfù náà ń pani. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 2017, ìjì wó igi ńlá kan lu àwọn tó ń wẹ̀ ní ìdí ìtàkìtì omi Kintampo, ní Gánà níbí. Nǹkan bí ogún èèyàn ló kú, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí ojú ọ̀run bá ṣú tàbí tí atẹ́gùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ẹ jáde nínú omi, ẹ kúrò lábẹ́ igi.

Bí amọ̀nà bá gbà kí ẹ wọ omi:

- Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má bẹ́, ẹ má forí lé e. Òkúta tó wà nísàlẹ̀ kì í hàn.
- Ẹ má lọ sábẹ́ ibi tí omi ti ń já gan-an. Òkúta àti igi máa ń bá omi já.
- Ẹ má yọ ojú kúrò lára ọmọdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún lomi mu ún.
- Ẹ má wẹ̀ nínú omi tó dúró lójú kan, tí koríko yí ká. Ibẹ̀ ni ìṣáwùrú tó ń gbé kòkòrò àìsàn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ wà. Àìsàn náà gbilẹ̀ ní etí adágún Volta lẹ́yìn tí wọ́n parí ìdídò Akosombo ní ọdún 1965.

Lórí zip line

Bí ibi tí ẹ lọ bá ní zip line, ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: wáyà irin ni wọ́n fà láti ibi gíga sí ibi tó rẹlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan ń sáré lórí rẹ̀, ìkọ́ irin sì so kẹ̀kẹ́ náà mọ́ bẹ́líìtì tí wọ́n dè mọ́ itan àti ìbàdí yín. Ìwọ̀n ara yín ló ń gbé yín lọ. Ẹni tó fúyẹ́ jù lè dúró sáàárín ọ̀nà, ẹni tó wúwo jù yóò sì sáré jù débi ìdúró. Nítorí náà, bí wọ́n bá béèrè kílò yín, ẹ sọ òótọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Kí ẹ tó fẹsẹ̀ kúrò lórí pèpéle, ẹ fi ọwọ́ ara yín yẹ nǹkan mẹ́rin wò:

1. *Bẹ́líìtì itan.* Ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ gbọ́dọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá di ìkúùkù tó sì tún wọlé, bẹ́líìtì náà ti dẹ̀ jù.
2. *Ìkọ́ irin.* Ẹ fi ìka tẹ ẹnu rẹ̀. Bó bá ṣí, wọn kò tíì tì í. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ kó tì í lójú yín.
3. *Okùn kejì.* Ó yẹ kí okùn mìíràn so yín mọ́ wáyà tàbí kẹ̀kẹ́, kó lè gbà yín bí ti àkọ́kọ́ bá já.
4. *Àṣíborí.* Kó má lè yí lórí yín, kí okùn àgbọ̀n rẹ̀ sì ti di.

Ìró kò ṣe é dè bẹ́líìtì itan mọ́. Ẹ wọ ṣòkòtò. Ẹ tú gèlè, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, ẹ ká irun gígùn sínú àṣíborí, kí kẹ̀kẹ́ má bàa gbá a mú. Ẹ má fi ọwọ́ kan wáyà bí ẹ bá ti gbéra. Bí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí àrá ń sán, ẹ má gùn ún, nítorí wáyà tó tutù kì í jẹ́ kí ìdádúró mú dáadáa, irin sì máa ń fa mànàmáná.

Bí ẹ bá há sáàárín, ẹ fara balẹ̀, ẹ máa ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá dúró gbagidi nínú bẹ́líìtì fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè gòkè, òyì yóò sì kọ́ yín. Òṣìṣẹ́ ni yóò wá fà yín.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ẹ pe 112, tàbí 193 fún ọkọ̀ aláìsàn, 192 fún panápaná, 191 fún ọlọ́pàá.

*Ẹni tó ń rì sómi.* Ẹ má bẹ́ tọ̀ ọ́. Ẹ na igi sí i, ẹ ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí i. Bó bá jáde tí kò mí, ẹ tẹ́ ẹ síbi tó le, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ ní 30 ìgbà, èémí méjì, 30 ìgbà, èémí méjì, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ẹ má gbé e sórí èjìká dorí kodò láti da omi nù.

*Ẹni tí ejò bù jẹ.* Ẹ má gé ojú ibi tó bù jẹ, ẹ má fi okùn so ó, ẹ má fa oró rẹ̀ mu. Kí ó má rìn. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

*Ẹni tó ṣubú láti òkè.* Ẹ má gbé e dìde, ẹ má yí ọrùn rẹ̀ padà.

Láti Boti, ilé ìwòsàn ìjọba ní Koforidua àti èyí tó wà ní Atua, nítòsí Somanya, ló súnmọ́. Ẹ má sọ pé ẹ ń gbé aláìsàn padà sínú ọkọ̀ ojú omi kí dókítà ibẹ̀ lè wò ó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà

Bí ara àlejò bá gbóná láàárín oṣù mẹ́ta, kó lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì sọ pé òun dé Gánà. Bí ìtọ̀ bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú, kó sọ pé òun wọ odò. Oògùn wà fún méjèèjì, ṣùgbọ́n dókítà ìlú òyìnbó kì í rántí wọn bí a kò bá sọ fún un.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń gba àlejò, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà, ẹ̀yin ni wọn yóò sì gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí amọ̀nà bá ní a kò wọ omi lónìí, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì fún un lówó ẹ̀yìn kó lè yí ọ̀rọ̀ padà. Bí aago bá ti lọ, ẹ ní kí wọ́n padà, bí wọ́n tilẹ̀ fajú ro. Ẹ fún awakọ̀ yín ní ìwé yìí kà kí ẹ tó sanwó fún un.