Ìwà Ọmọlúàbí Nínú Iṣẹ́ Ìdíyelé Ilé àti Ilẹ̀ ní Nàìjíríà

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ra ìrẹsì lọ́jà mọ̀ pé ìrẹsì nìkan kọ́ ni òun gbẹ́kẹ̀ lé, òun gbẹ́kẹ̀ lé kóńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti lu ìdí kóńgò wọnú, owó rẹ̀ pé, ọjà rẹ̀ kò pé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nínú ìdíyelé ilé àti ilẹ̀. Adíyelé ni kóńgò tí báńkì, ìjọba, ilé-ẹjọ́ àti ẹbí tí ó fẹ́ pín ogún fi ń wọn dúkìá. Bí ìwà rẹ̀ bá wọ́, iye tí ó kọ sílẹ̀ kò lè tọ́.

Adíyelé àti Òfin tí ó De Iṣẹ́ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń pa adíyelé pọ̀ mọ́ awọnlẹ̀. Awọnlẹ̀ ni ó ń wọn ilẹ̀, tí ó ń ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, tí ó sì ń ya púlánì. Adíyelé ni ó ń sọ iye owó tí ilẹ̀ tàbí ilé náà tó. Ọdún 1969 ni ẹgbẹ́ àwọn adíyelé bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1975, Òfin 24 dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa fi orúkọ wọn sínú ìwé. Àjọ yìí kan náà ni ó lágbára láti yọ orúkọ ẹni tí ó bá tàbùkù iṣẹ́ náà kúrò.

Àwọn Ìlànà Pàtàkì

Èkíní ni àìṣègbè. Oníbàárà kò gbọdọ̀ pa iye tí ó fẹ́ fún adíyelé, bẹ́ẹ̀ ni owó iṣẹ́ kò gbọdọ̀ sinmi lé pé kí iye náà tẹ́ oníbàárà lọ́rùn. Èkejì ni òtítọ́ nípa àǹfààní ara ẹni. Bí dúkìá náà bá jẹ́ ti ìbátan adíyelé, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ ń gbèrò láti rà á, ó ní láti sọ ọ́ jáde tàbí kí ó kọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò tó péye. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Adíyelé tí ó jókòó sí ọ́fíìsì, tí ó sì gba ọ̀rọ̀ onílé gbọ́ láìfojú rí ilé, kò yàtọ̀ sí i. Ẹ̀kẹrin ni pípa àṣírí oníbàárà mọ́.

Owó Gbà-má-bìínú

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun aráàlú jù ni ìgbà tí ìjọba bá gba ilẹ̀. Abala 29 nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 kò fún onílẹ̀ ní iye tí ilẹ̀ náà ń tà lọ́jà. Owó ilẹ̀ tí ó san fún ìjọba ní ọdún tí wọ́n gba ilẹ̀ náà nìkan ni òfin dá padà fún un. Nítorí náà, orí ilé àti ohun ọ̀gbìn ni ìrètí rẹ̀ wà. Ní ti ilé, iye tí yóò náni láti kọ́ irú rẹ̀ ni wọn yóò ṣírò, wọn yóò sì yọ iye tí ogbó ti jẹ kúrò nínú rẹ̀.

Fún àpẹẹrẹ, bí kíkọ́ irú ilé kan bá tó mílíọ̀nù 20 náírà, tí ogbó sì jẹ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, mílíọ̀nù 14 ni ẹ̀tọ́ onílé. Bí adíyelé bá kọ ìdá 50 láti tẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́rùn, mílíọ̀nù 10 ni yóò kù. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé ti gba mílíọ̀nù 4 lọ́wọ́ ìdílé kan.

Ṣé onílé lè pe ẹjọ́? Abala 47 nínú òfin kan náà sọ pé ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà tó tàbí kò tó. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ní abala 44, sì fi ọ̀nà ilé-ẹjọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ìjọba gba dúkìá rẹ̀ láti mọ iye tí ó tọ́ sí i. Kí àgbẹ̀ tó rí ojútùú sí irú àríyànjiyàn òfin bẹ́ẹ̀, oko rẹ̀ ti di títì. Ìdí nìyí tí gègé adíyelé fi wúwo.

Àìṣègbè kò mọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba nìkan. Adíyelé tí ẹbí gbà, tí ó sọ igi kòkó 300 di 500, àpò gbogbo ìlú ni ó ń jí owó kó nínú rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó sọ ilé mílíọ̀nù 30 di mílíọ̀nù 50 kí báńkì lè yáni lówó. Bí ayáwó kò bá rí owó san, títa ilé náà kò ní lè pa gbèsè rẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Òfin lè yọ orúkọ ẹni kúrò nínú ìwé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ ni. Ohun tí ó lè dí jàǹbá lọ́nà ni ìwà tí adíyelé gbé wọ oko náà nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá a ka igi. Ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti ń kọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ìwà ọmọlúàbí kò ní láti dúró lórí ìtàn àtijọ́ nìkan. Ìṣirò ilé mílíọ̀nù 20 yìí yóò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí iye tí irọ́ kékeré lè gbà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀.