Ọmọ ọdún 18 kọ́ ni eléré ọdún 25: sáyẹ́ǹsì sùúrù nínú họ́kì orí yìnyín

Ẹ ka orúkọ yìí sókè: Iginla. Ẹ wá fi àmì ohùn sí i: Igi ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni o, orúkọ Yorùbá ni, ọ̀kan lára àwọn eléré họ́kì orí yìnyín tó gbajúmọ̀ jù lọ ní Kánádà ló sì ń jẹ́ ẹ. Ìlú Edmonton ni wọ́n bí Jarome Iginla sí, ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1977. Ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Adekunle sì wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Góòlù 625 ló gbá wọlé nínú NHL, ìyẹn líìgì họ́kì tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní 2020, wọ́n yàn án sínú Hall of Fame.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú Calgary Flames, 1996-97, góòlù 21 ló gbá wọlé. Ó dára gan-an fún ọmọdé. Ní sáà kejì, ó já wálẹ̀ sí 13. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà yẹn. Ká ní ẹ̀yin ni ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, kí lẹ máa ṣe? Ṣé ẹ máa tà á kí ọjà tó bàjẹ́ ni, àbí ẹ máa dúró?

Calgary dúró. Góòlù rẹ̀ di 28, ó di 29, ó di 31. Nígbà tó fi máa di sáà 2001-02, ó gbá góòlù 52 wọlé, kò sì sẹ́ni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo líìgì náà lọ́dún yẹn. Ọmọ ọdún 24 ni.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí nìyí: kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara, nínú ọpọlọ àti nínú nọ́ńbà láàrin ọdún 18 sí 25, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá tètè dájọ́ sábà máa ń ṣì í dá?

Ẹ kọ́kọ́ mọ eré náà

Fún ẹni tí kò wò ó rí, ẹgbẹ́ méjì ló ń kojú ara wọn lórí yìnyín, èèyàn mẹ́fà mẹ́fà, gólì wà lára wọn. Bàtà tó ní abẹ irin nísàlẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tó ń jẹ́ puck ni wọ́n sì ń lé kiri. Òfin gbà wọ́n láyè láti fi ara kọ lu ẹni tí puck bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Eré náà le débi pé eléré kì í sábà lo ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ kí ẹlòmíràn tó wọlé rọ́pò rẹ̀. Tó bá sinmi tán, á tún padà wọlé.

Lọ́dọọdún, NHL máa ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní draft. Àwọn ẹgbẹ́ á tò, wọ́n á máa mú ọ̀dọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ipele méje. Ọ̀dọ́ tó bá ti máa pé ọdún 18 kí ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án tó kọjá lè wọ̀ ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àgbàlagbà ń wo ọmọ ọdún 17 tàbí 18, ó sì ń sọ irú ẹni tó máa jẹ́ nígbà tó bá di ọdún 25. Iṣẹ́ wòlíì nìyẹn o! Ìṣòro rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí ọjọ́ draft tó dé.

Oṣù tí wọ́n bí ọ

Ní Kánádà, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọdé sí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní àti èyí tí wọ́n bí ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, nǹkan bí ọdún kan gbáko ni ẹ̀gbọ́n fi ju àbúrò lọ. Ó ga jù ú lọ, ó wúwo jù ú lọ, ó sì ti pẹ́ jù ú lọ lórí yìnyín. Kóòṣì á wò wọ́n, á ní: "Èyí ní ẹ̀bùn." Á mú un, á fún un ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó péye àti eré púpọ̀ sí i. Èkejì á máa lọ sílé. Nígbà tó bá di ọdún mẹ́rìndínlógún, èyí tí wọ́n mú ti wá dára jù ní tòótọ́, torí òun ni wọ́n kọ́.

Nínú àwọn ọdún 1980, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Kánádà tó ń jẹ́ Roger Barnsley kíyè sí i pé àwọn tí wọ́n bí láàrin oṣù kìíní sí oṣù kẹta pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ họ́kì tó lórúkọ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí náà jáde ní 1985.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ìwádìí tí Robert Deaner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tó jáde ní 2013. Wọ́n wo àwọn ọmọ Kánádà tí wọ́n mú nínú draft láti 1980 sí 2007. Àwọn tí wọ́n bí láàrin oṣù keje sí oṣù kejìlá jẹ́ ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n mú. Ṣùgbọ́n àwọn yìí ló gbá ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo eré tí àwọn tí wọ́n mú náà gbá, àwọn ló sì ni ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún pọ́ìǹtì wọn. Èyí ni pé àwọn ẹgbẹ́ ń fojú kéré ọmọ tí kò tíì gbó, wọ́n sì ń sanwó jù fún èyí tó kàn tètè gbó. Ṣé ẹ rántí oṣù tí wọ́n bí Iginla? Oṣù keje.

Ara kò tíì parí iṣẹ́

Ọmọ ọdún 18 lè ga tán, síbẹ̀ kí ara rẹ̀ má tíì kún. Egungun ṣì ń ki sí i títí tó fi máa kọjá ogún ọdún dáadáa, iṣan náà ṣì ń pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká fi físíìsì kékeré wò ó. Ọmọdé kan wọn kílò 75, géńdé kan wọn kílò 95. Tí àwọn méjèèjì bá ń sáré bọ̀ ní mítà mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ bá sọ ìwọ̀n ara di púpọ̀ pẹ̀lú eré sísá, ti ọmọdé jẹ́ 600, ti géńdé jẹ́ 760. Ó fi ohun tó lé ní ìdá mẹ́rin jù ú lọ. Tí wọ́n bá kọ lu ara wọn, ẹ mọ ẹni tó máa lọ jókòó sílẹ̀.

Ọpọlọ náà ń lọ bẹ́ẹ̀. Apá iwájú ọpọlọ, ibi tí a fi ń ṣètò, tí a fi ń kó ara wa níjàánu, wà lára àwọn tó ń gbó kẹ́yìn. Ó ṣì ń tún ara rẹ̀ tò títí di nǹkan bí àárín ogún sí ọgbọ̀n ọdún. Ó sì jẹ́ pé eré tó gba kí èèyàn pinnu láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọmọ yìí ń ṣe.

Ojú tó ti rí i rí

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Sáyẹ́ǹsì gbà fún wọn. Ní 1973, William Chase àti Herbert Simon fi pátákó ayò chess han àwọn ọ̀gá nínú ayò náà fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, wọ́n wá ní kí wọ́n tò ó padà. Àwọn ọ̀gá tò ó dáadáa ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n da àwọn ọmọ ayò náà kalẹ̀ jágbajàgba, àǹfààní ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Kì í ṣe pé iyè ọ̀gá jí ju ti àwọn yòókù lọ. Àwòrán tó ti rí nígbà púpọ̀ ló dá mọ̀.

Bákan náà ló rí fún eléré ẹ̀yìn nínú họ́kì. Alátakò mẹ́ta ń bọ̀ wá bá a. Ṣé kó lọ bá ẹni tí puck wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àbí kó dí ọ̀nà ẹni tó fẹ́ gbà á? Kò sí bó ṣe lè mọ̀ ọ́n láìrí i ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìwádìí James Brander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2014 fi hàn pé àwọn eléré iwájú ń dé góńgó wọn láàrin ọdún 27 sí 28, àwọn eléré ẹ̀yìn sì ń dé tiwọn láàrin ọdún 28 sí 29. Ẹ wá wo ọdún mélòó ló wà láàrin 18 sí 28.

Nọ́ńbà náà ń tan èèyàn jẹ

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Eléré kan wà tó jẹ́ pé nínú ìgbà mẹ́wàá tó bá gbá puck sí gólì, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń wọlé. Tó bá gbá a nígbà ọgọ́rùn-ún ní sáà kan, góòlù mẹ́wàá la ń retí. Ṣùgbọ́n oríire lásán lè gbé e lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ ní nǹkan bíi mẹ́ta. Tó bá gbá méje wọlé lọ́dún yìí, tó gbá mẹ́tàlá lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè má sí ohunkóhun tó yí padà lára rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ á ní ọmọ náà ti jí. Tí nọ́ńbà yẹn bá wá yí padà, tí mẹ́tàlá ṣáájú, tí méje tẹ̀ lé e, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, kí wọ́n tà á.

Ohun tí àìnísùúrù ń náni

Ọmọ Slovakia ni Zdeno Chara. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà méjì ó lé sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. New York Islanders mú un ní draft 1996, òun sì ni ẹni 56. Kò tètè rọrùn fún un láti darí irú ara gígùn bẹ́ẹ̀. Ní 2001, Islanders fi í sílẹ̀ fún Ottawa Senators pẹ̀lú eléré míì àti àyè wọn nínú draft, kí wọ́n lè gba Alexei Yashin. Ọmọ ọdún 24 ni Chara nígbà yẹn. Ní 2009, òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ eléré ẹ̀yìn tó dára jù lọ nínú NHL. Ní 2011, òun ni kápútẹ́nì Boston Bruins nígbà tí wọ́n gba ife Stanley Cup. Islanders ní tiwọn san owó fún Yashin ní 2007 kó lè máa lọ, nígbà tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí.

Ti Tage Thompson tún wà níbẹ̀. Ní 2018, St. Louis Blues kó o lọ fún Buffalo Sabres nígbà tí wọ́n ń gba Ryan O'Reilly. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, Thompson gbá góòlù méje wọlé nínú eré 65, St. Louis sì gba ife. Ó dà bíi pé ẹjọ́ ti parí. Buffalo ṣì mú sùúrù. Nígbà tó yá, kóòṣì wọn, Don Granato, gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi í sí àárín. Góòlù 38 ní sáà 2021-22, 47 ní èyí tó tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé èyí

Èmi ni mo ṣa àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí. Àwọn tí wọ́n dúró dè títí tí wọn ò di nǹkan kan pọ̀ ju àwọn yìí lọ, a ò kàn rántí orúkọ wọn ni. Àwọn kan náà sì wà tí wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni: Sidney Crosby kó pọ́ìǹtì 102 ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, ọmọ ọdún 18 ni. Torí náà, sùúrù kì í ṣe ká káwọ́ gbera ká máa retí iṣẹ́ ìyanu.

Sùúrù tó ní làákàyè máa ń wo ohun tó wà lábẹ́ góòlù: ṣé ọmọ náà ṣì ń dé ibi tó léwu fún gólì alátakò, ṣé ó ń gbá púpọ̀ sí i, ṣé àṣìṣe tó ń ṣe lọ́dún yìí yàtọ̀ sí ti èṣí? Ó sì máa ń wá ibi tó bá ọjọ́ orí ọmọ mu. Detroit Red Wings mú Pavel Datsyuk ní ipò 171 ní 1998, wọ́n mú Henrik Zetterberg ní ipò 210 ní 1999. Wọn ò sáré gbé wọn wá. Datsyuk dúró sí Rọ́ṣíà, Zetterberg dúró sí Sweden, wọ́n ń bá géńdé gbá. Ìkíní wọ NHL ní 2001, èkejì ní 2002. Ní 2008, wọ́n jọ gba Stanley Cup, Zetterberg sì ni eléré tó dára jù nínú ìdíje àṣekágbá náà.

Kódà òfin líìgì náà fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún sùúrù. Tí ọmọ ọdún 18 tàbí 19 kò bá gbá tó eré mẹ́wàá nínú NHL ní sáà kan, àdéhùn ọlọ́dún mẹ́ta rẹ̀ kì í tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹgbẹ́ lè jẹ́ kó tọ́ ọ wò, kí wọ́n sì dá a padà lọ dàgbà sí i.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí sọ́dọ̀ àwọn olówó ẹgbẹ́. Ẹni tó ń fojú winá rẹ̀ jù ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n bí ní oṣù kejìlá, tí wọ́n dá padà sílé torí pé ó kéré, tí òun náà sì gbà pé òun ò ní ẹ̀bùn. Kò sí draft tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa mọ ohun tí ì bá dà. Tí ẹ bá tún gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ọmọ kan ò lè di nǹkan kan, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: ọmọ ọdún mélòó ni, oṣù wo ni wọ́n sì bí i?