Tọkọtaya tó ń lọ sí Ítálì lásìkò òtútù, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́?

Àwọn tọkọtaya kan wà tó jẹ́ pé àtìgbà táwọn ọmọ wọn ti wà níléèwé ni wọ́n ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń sọ fún ara wọn pé bí àbíkẹ́yìn bá ti jáde tán, àwọn méjèèjì á jọ rin ìrìn-àjò afẹ́ kan kí ọjọ́ ogbó tó dé. Ohun tó dáa ni. Ìgbéyàwó tó ti pé ogún ọdún náà ń fẹ́ ìtọ́jú, bí ara ṣe ń fẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún kò gbọdọ̀ di ẹrù aṣọ nìkan, ó gbọ́dọ̀ di ti ìlera ẹ̀ náà mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Ítálì lónìí, pàápàá lásìkò òtútù wọn, láti oṣù Disẹ́ńbà wọ oṣù Fẹ́búárì.

Ẹlòmíì lè béèrè pé kí lèèyàn ń wá lọ sílẹ̀ òyìnbó nígbà tí òtútù ń mú. Ìdí ẹ̀ kò le. Láti oṣù Júùnù dé Ọ́gọ́ọ̀sì, èrò máa ń pọ̀ bí eṣú ní Róòmù àti Venice, oòrùn máa ń mú gan-an, owó òtẹ́ẹ̀lì sì máa ń lọ sókè. Tí ọdún Kérésì àti ọdún tuntun bá ti kọjá, èrò á dín kù, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì á sì dín owó wọn. Ohun kan tún wà tó máa dùn mọ́ ẹni tó ń lo oògùn nínú. Láti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Ọkitóbà títí di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Máàṣì, aago tiwa ní Nàìjíríà àti aago wọn ní Ítálì, ọgbọọgba ni. Tó bá jẹ́ aago méje àárọ̀ lẹ ń lo oògùn yín nílé, aago méje àárọ̀ náà ni lọ́hùn-ún.

Tọkọtaya kan tí wọ́n ń gbé ní Ìbàdàn, tí wọ́n jẹ́ ojúlùmọ̀ mi, lọ síbẹ̀ níparí ọdún 2023. Ọdún 25 tí wọ́n ti ṣègbéyàwó ni wọ́n fi ń ṣe àjọyọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò, ìlú mẹ́rin ni wọ́n dé: Róòmù, Florence, Venice àti Milan. Bàálù ló gbé wọn dé Róòmù, rélùwéè ni wọ́n sì ń wọ̀ láti ìlú kan dé èkejì, torí rélùwéè tó ń sáré wọn yẹn, bíi wákàtí kan ààbọ̀ ló máa gbé èèyàn láti Róòmù dé Florence. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, ṣùgbọ́n kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹlòmíì lè fi kọ́gbọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Florence

Ọkọ, tó jẹ́ ẹni ọdún 58, ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn méjì ni dókítà kọ fún un, ọ̀kan nínú wọn sì ni èyí tó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ dáadáa, tó ń dín omi àti iyọ̀ kù lára. Ní Ìbàdàn, kò sí wàhálà, ilé ìtọ̀ wà nílé, ó wà ní ọ́fíìsì. Àmọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jáde ní Róòmù, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n láàrin ìgboro, tó ń wá ibi tó máa tọ̀ sí kiri. Ní ibùdó rélùwéè, owó ni wọ́n ń gbà kéèyàn tó wọlé, bíi Yúrò kan. Kò sì mọ̀ pé òtútù fúnra ẹ̀ máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ sí i. Bí òtútù bá ti mú wa, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ ara á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ sí àárín ara, kíndìnrín á wá ṣe bíi pé omi ti pọ̀ jù, á sì máa tú u jáde. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọ̀gá yìí fi oògùn náà sílẹ̀ nínú báàgì. Kò sọ fún ìyàwó ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi lò ó, oúnjẹ oníyọ̀ ló sì ń jẹ. Búrẹ́dì agbègbè Tuscany, níbi tí Florence wà, kì í ní iyọ̀ rárá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é látayébáyé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní prosciutto, àti wàrà líle tí wọ́n ń tò sáàrin búrẹ́dì náà, iyọ̀ inú wọn kì í ṣe kékeré. Ẹ wò ó báyìí: òtútù ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pọ̀, iyọ̀ ń dá omi dúró sí i lára, oògùn tó yẹ kó tú omi náà jáde sì wà nínú báàgì. Ohun mẹ́ta ló jọ ń ti ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ tí wọ́n gun òrùlé rìbìtì ńlá tó wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì àgbà Florence, èyí tí Filippo Brunelleschi kọ́, tí wọ́n sì ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sí mímọ́ lọ́dún 1436, lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àtẹ̀gùn 463 ló wà níbẹ̀, kò sí lífítì, ọ̀nà ibẹ̀ sì tóóró débi pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kò ní í rọrùn fún un láti yí padà. Ó gun ún dókè, ó rí gbogbo ìlú, wọ́n ya fọ́tò. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ojú ẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Orí ló bá wọn ṣe é, obìnrin náà tajú kán rí àmì àgbélébùú aláwọ̀ ewé tó ń tàn lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ àmì yẹn. Òun ni wọ́n fi ń dá kẹ́míìsì mọ̀ ní Ítálì, "farmacia" ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún èèyàn. Wọ́n wọn tiẹ̀, 190 lórí 115 ló jẹ́. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò ta oògùn kankan fún wọn, ó ní ọsibítù ni kí wọ́n gbà lọ, ní ẹ̀ka pàjáwìrì tí wọ́n ń pè ní "pronto soccorso".

Dókítà ibẹ̀ béèrè oògùn tó ń lò. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀ tú báàgì, tó kó páálí oògùn jáde, ó rí i pé ọ̀kan ń lọ sílẹ̀, ìkejì sì wà bó ṣe wà látọjọ́ kejì. Ibẹ̀ lọkọ ti jẹ́wọ́. Wọ́n yẹ ọkàn ẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kò tíì ba nǹkan jẹ́ lára ẹ̀, wọ́n dá a padà sórí oògùn ẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ títí dalẹ́ kí wọ́n tó ní kó máa lọ sinmi. Ohun tí ìyàwó sọ fún mi ni pé kì í ṣe ọsibítù yẹn ló dun òun jù. Ohun tó dun òun ni pé ọdún 25 lòun àti ọkọ òun ti jọ ń sùn, tó jẹ́ pé òun lòun ń pọn omi ìwẹ̀ fún un nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, síbẹ̀ ó ń tijú láti sọ fún òun pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun.

Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo kó tó ṣèèyàn lọ́ṣẹ́. Ó lè di rọpárọsẹ̀, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè dá ọkàn dúró. Ẹ̀yin ìyá náà, ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn tí ẹ̀ ń fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀ torí kẹ́ ẹ má ba ìgbádùn jẹ́, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí. Ẹni tẹ́ ẹ bá jọ rìnrìn-àjò ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Ó kéré tán, bí ìrìn-àjò bá ku oṣù kan, ẹ lọ rí dókítà yín. Kó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa lo oògùn ìtọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ rìn púpọ̀. Ó lè yí àsìkò tẹ́ ẹ ń lò ó padà. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ má dá a dúró.

Inú báàgì ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kó oògùn sí, nínú páálí ẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ìwé dókítà, kẹ́ ẹ sì fi ti ọ̀sẹ̀ kan lé e. Alátọ̀gbẹ tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin kò gbọdọ̀ kó o sínú àpótí tí wọ́n ń kó sábẹ́ bàálù, torí ó lè dì níbẹ̀, insulin tó bá sì ti dì kò ṣeé lò mọ́. Ẹni tó ní àìsàn asthma, ẹ má gbàgbé oògùn afàsímú yín, kẹ́ ẹ sì máa fi ìborùn bo imú àti ẹnu lóde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ SS, òtútù àti àìmumi tó lè fa ìrora egungun fún yín, nítorí náà, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó bá dókítà yín sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà àrùn fúlúù náà dáa, kẹ́ ẹ gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán ṣáájú ìrìn-àjò.

Wọn ò ní í fún yín ní físà Schengen láìsí ìwé adójútòfò ìrìn-àjò, owó ìtọ́jú tó wà lórí ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 30,000 Yúrò. Ẹ má kàn sọ ìwé náà sínú fáìlì. Ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀, àgàgà ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà wọn síbi tí ẹ̀yin méjèèjì ti máa rí i.

Nínú bàálù, ẹni tó bá jókòó ju wákàtí mẹ́rin lọ láìdìde, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀, tó bá sì já lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pààyàn. Ẹ máa dìde rìn, ẹ máa mi ọrùn ẹsẹ̀ yín lórí ìjókòó, ẹ máa mu omi.

Bẹ́ ẹ bá débẹ̀

Òtútù Róòmù lóṣù Jánúárì kò ju kéèyàn fara dà á lọ, ó máa ń wà láàrin bíi 3 sí 12 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Milan ló le, torí lóru, ó máa ń súnmọ́ òdo. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ wọ̀ léra wọn ń mú ara móoru ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Ẹ dé fìlà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Òfin ló tún ń pa á láṣẹ ní Ítálì iye wákàtí tí wọ́n lè fi tan ẹ̀rọ amúlémóoru lójúmọ́, nítorí náà, ẹ béèrè bọ́ńtì lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì kẹ́ ẹ tó sùn. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ yẹn máa ń gbẹ awọ ara, òrí wa tẹ́ ẹ gbé láti ilé ló máa ṣiṣẹ́.

Ní ti ìtọ̀, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí, ẹ dúró níwájú káńtà, ẹ ra ife kékeré kan. Kọfí orí ìdúró kì í wọ́n tó ti orí ìjókòó, oníbàárà sì lè lo ilé ìtọ̀ wọn. Ẹ má tìtorí ìtọ̀ sá fún omi. Ní Róòmù, ẹ̀rọ omi irin kéékèèké tí wọ́n ń pè ní nasoni ju 2,000 lọ kárí ìlú, omi inú wọn ṣeé mu, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àtẹ̀gùn kì í ṣe dandan. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Róòmù ní àtẹ̀gùn 551, ṣùgbọ́n lífítì wà tó máa dín in kù sí bíi 320. Lífítì wà fún orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì àgbà Milan náà. Ní Venice, kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, afárá tó lé ní 400 ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló sì ní àtẹ̀gùn, nítorí náà, ẹ má gbé ẹrù ńlá lọ. Omi òkun máa ń kún wọ ìgboro ibẹ̀ nígbà òtútù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 2019, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 187. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń lo ìdènà kan tí wọ́n ń gbé dìde lójú omi, síbẹ̀ ẹ wọ bàtà tí omi kò lè wọ̀, pàápàá ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, kẹ́ ẹ sì máa yẹ ẹsẹ̀ yín wò lálaalẹ́.

Oúnjẹ kò ní í ṣòro. Ní Florence, wọ́n ń ta lampredotto lójú pópó, inú màlúù ni, ọmọ ìyá abọ́dì àti ṣàkì wa. Lápá àríwá, wọ́n ń ro ìyẹ̀fun àgbàdo bí ẹni ro ọkà, polenta ni wọ́n ń pè é. Ẹ ṣọ́ra fún panettone, àkàrà òyìnbó ọdún Kérésì wọn ní Milan, ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀.

Bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan kò bá ṣeé gbé mọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu ẹ̀, tàbí tí àyà ń fún un pinpin, ẹ má rà á níyè pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ pe 112.

Àwọn ojúlùmọ̀ mi kò já ìrìn-àjò wọn sí méjì. Wọ́n fi ọjọ́ kan sinmi, wọ́n sì lọ sí Venice. Láàárọ̀, ìyàwó á to oògùn àwọn méjèèjì sórí tábìlì, tọkọ tìyàwó á sì jọ lò ó lójú ara wọn. Bí ìtọ̀ bá ti gbọ̀n ọkọ, á ní, "Ìyá àwọn ọmọ, kọfí ti yá," wọ́n á sì yà síbi tó bá súnmọ́ wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ wá àdéhùn tiyín kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.