Ìrìn Àjò Ọmọ Ọ́sítà Nínú Omi Oníyọ̀

Ẹni tí ó bá ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó yóò kọjá lórí odò Ọ̀wẹnà. Bí ó bá ju ewé sínú odò náà, ìsàlẹ̀ odò ni ewé ọ̀hún yóò gbà lọ. Kò ní padà wá. Ṣùgbọ́n létí òkun, níbi tí omi odò ti ń pàdé omi iyọ̀, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Omi odò tí ó fúyẹ́ a máa ṣàn lókè lọ sí òkun, omi iyọ̀ tí ó wúwo a sì máa rọra wọlé nísàlẹ̀.

Inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ọ́sítà ń gbé, ẹran oníkarahun méjì tí ó ń lẹ̀ mọ́ òkúta àti gbòǹgbò igi ẹ̀gbà. Àgbà rẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń rìn. Ọmọ yìí kéré púpọ̀, ó sì ń bá omi lọ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Kò lágbára láti wẹ̀ lòdì sí ìṣàn omi, ṣùgbọ́n ó lè gòkè, ó sì lè sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá wà lókè, omi lè gbé e lọ sí òkun. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, omi lè dá a padà sílé.

Nítorí pé ojú kò lè tọpa rẹ̀, àwọn onímọ̀ a máa fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀. Wọn a pín omi sí ìpín kéékèèké, wọn a ṣírò ìṣàn àti iyọ̀ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a sì tọpa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ọ́sítà àfinúrò. Ní ọdún 2008, Elizabeth North àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú ìṣirò yìí hàn, nínú omi Chesapeake ní Amẹ́ríkà, pé gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ ọmọ náà wà lára ohun tí ó ń pinnu ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí. Ní Èkó pẹ̀lú, Sandison àti Hill ti kọ̀wé ní ọdún 1966 lórí bí iyọ̀ inú omi ṣe kan ibi tí ọ́sítà ń gbé.

Èrè ìmọ̀ yìí kò kéré. Ọ́sítà tí a ń kó níhìn-ín lè jẹ́ ọmọ àwọn tí ó wà lọ́nà jíjìn. Bí a bá kó àwọn àgbà ibẹ̀ tán, tàbí bí a bá gé igi ẹ̀gbà wọn, ìhín náà lè di ahoro. Ní Gáńbíà, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ TRY, tí wọ́n gba àṣẹ àkóso ibi ìkó ọ́sítà ní Tanbi ní ọdún 2012, ya àwọn oṣù kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kó o. Àgbẹ̀ tí ó bá jẹ ebu iṣu rẹ̀ tán, kí ni yóò gbìn ní àmọ́dún?