Ààbò Ojú Ọ̀run: Ẹ̀kọ́ Lọ́ńdọ̀nù ní Ọdún 1944

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Òwe yìí ni ìpìlẹ̀ ọgbọ́n tí àwọn ọmọ-ogun fi ń dáàbò bo ìlú lọ́wọ́ ohun ìjà tí ń gba ojú ọ̀run wá. Ṣùgbọ́n ìmọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan kò tó. Ó di dandan kí olúkúlùkù àwọn tí yóò jà mọ àyè tirẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1944 fi èyí hàn gbangba.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Júnù ọdún náà ni bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì tí à ń pè ní V-1 kọ́kọ́ bọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ìyẹ́ àti ẹ́ńjìnnì bí ọkọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ó ń sáré tó 640 kìlómítà ní wákàtí kan, ó sì ru ohun abúgbàmù tí ó wúwo tó 850 kìlógíráàmù. Bí ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti dákẹ́ lójijì, àwọn ará ìlú mọ̀ pé ó ń já bọ̀ nìyẹn. Kí gbogbo rẹ̀ tó parí, ó ti pa ènìyàn tí ó lé ní 6,000.

Kì í ṣe pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohun ìjà. Wọ́n ní ẹ̀rọ rédà tí ń rí ọ̀tá láti òkèèrè, wọ́n ní àwọn aṣọ́nà tí ń wojú ọ̀run, wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú ajagun, wọ́n ní ìbọn ńláńlá, wọ́n sì ní àwọn àpò afẹ́fẹ́ ràgàjì tí wọ́n fi wáyà so mọ́lẹ̀ kí ìyẹ́ bọ́ǹbù lè kọ́ lára wáyà náà. Ètò ni kò gún. Ojú ọ̀run kan náà ni àwọn awakọ̀ òfurufú àti àwọn ayìnbọn ń lò. Bí awakọ̀ bá lé bọ́ǹbù dé ibi tí ìbọn wà, àwọn ayìnbọn kò lè yìn ín mọ́, kí wọ́n má baà pa ẹni tiwọn. Bọ́ǹbù a sì kọjá lọ.

Ní àárín oṣù Júláì, Roderic Hill, olórí ààbò òfurufú ilẹ̀ náà, àti Frederick Pile, olórí àwọn ayìnbọn, pinnu láti kó àwọn ìbọn lọ sí etí òkun. Hill kò dúró gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìbọn gba etí òkun. Ọkọ̀ ajagun gba ojú omi níwájú àti orí ilẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ sì dúró sí ẹnu ọ̀nà ìlú. Rédà tuntun ń tẹ̀lé bọ́ǹbù fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò ń sọ ibi tí a ó dojú ìbọn kọ, ọta tuntun sì ń bú gbàmù fúnra rẹ̀ bí ó bá ti sún mọ́ bọ́ǹbù. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ìbọn já 17 lulẹ̀ nínú 100 bọ́ǹbù tí ó wọ àyè wọn. Ní ìparí oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ó di 74. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, nínú bọ́ǹbù tí ó lé ní 90, mẹ́rin péré ni ó dé Lọ́ńdọ̀nù.

Iṣẹ́ kan náà ni ó wà nílẹ̀ ní Ukraine láti ọdún 2022, níbi tí àwọn ará Rọ́ṣíà ti ń rán dírónù, èyíinì ni ọkọ̀ òfurufú aláìláwakọ̀, lu àwọn ìlú. Ohun tuntun tí ó wọ ọ̀ràn náà ni owó: ọta rọ́kẹ́ẹ̀tì kan lè wọ́n ju dírónù tí ó já lulẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ agbóhùn gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè, tí wọ́n ń fi ìbọn orí ọkọ̀ ilẹ̀ yìn ín, tí wọ́n sì ń da ìgbì rédíò tí ó ń tọ́ ọ rú, kí wọ́n lè fi rọ́kẹ́ẹ̀tì olówó iyebíye pamọ́ de ohun tí ó tóbi jù ú lọ.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọgbọ́n ọdún 1944 fi kún un pé bí a kò bá to àwọn ọwọ́ náà létò, wọn a máa dí ara wọn lọ́nà, ẹni tí ó sùn sínú ilé rẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀.