Pèrègún lè bo táǹkì dísù nínú àgbàlá, ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀

Bí iná ọba bá ń ṣe ségesège ní Libreville, olú ìlú Gabon, ẹni tó lágbára a gbé jẹnẹrétọ̀ àti táǹkì dísù sí àgbàlá. Ní àdúgbò bíi Derrière la Prison, táǹkì náà kì í wuyì lójú àlejò.

Pèrègún lè bò ó: ewé rẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀, ọ̀pá rẹ̀ tí a gé sì ń ta gbòǹgbò bí òjò bá ti padà.

Ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀ kí èèyàn lè rìn yí táǹkì ká, kí ẹ sì máa gbá ewé gbígbẹ kúrò, nítorí iná. Bí pèrègún bá ń rọ láìnídìí, ẹ yẹ ìdí táǹkì wò: dísù lè ti máa jò wọ ilẹ̀.