Òdòdó Abẹ́ Kòkó Tí Kì Í Ṣe Àfòmọ́

Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, ó sì bá ẹni tó ń gbára lé ará ilé wí dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti kó bá àwọn ewéko kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lẹ́nu àwa Yorùbá, ohunkóhun tó bá hù sórí igi tí kì í ṣe ẹ̀ka igi ọ̀hún, àfòmọ́ la sábà máa ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ìdílé ewéko tí òyìnbó ń pè ní ọ́kíìdì, ìdílé tí ẹ̀yà inú rẹ̀ lé ní 25,000 káàkiri ayé. Àfòmọ́ gidi, irú èyí tó ń yọ kòkó àti ọsàn lẹ́nu, a máa ki ẹnu bọ ara igi, a sì máa fa omi rẹ̀ mu. Ọ́kíìdì orí igi kì í ṣe bẹ́ẹ̀: àyè ìjókòó ló ń wá, òjò àti ìrì ló ń mu. Ẹ̀sùn yẹn tilẹ̀ sàn ju ti àwọn ọ́kíìdì tí kò gun igi rí láyé wọn lọ, àwọn tó ń hù nínú ilẹ̀ lábẹ́ ibòji, tí aroko ń gé dànù mọ́ èpò. Àwọn wọ̀nyí légbò. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ohun tó ń lọ ní ìdí gbòǹgbò yẹn ni gbogbo ayé wọn, àti pé ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú wọn, ilẹ̀ ni yóò tọ́jú kó tó kan òdòdó.

Ẹ mú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Oeceoclades maculata, tí John Lindley, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé ní 1821. Ewé rẹ̀ le, ó dúró ṣánṣán, ó ní àbàwọ́n bí awọ ejò, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń kọjá lọ yóò fi pè é ní ọmọ ọ̀já ìkookò. Ọ̀pá òdòdó rẹ̀ ń ti ìdí yọ, kò sábà ga ju orúnkún lọ, òdòdó wínníwínní sì tò sí i lára, ètè wọn funfun, tòun ti àmì méjì tó pọ́n díẹ̀. Eulophia guineensis lẹ́wà jù ú lọ fíìfíì: òdòdó tirẹ̀ tóbi, ó ní àwọ̀ bí osùn tí a fi omi là, òjò àkọ́rọ̀ ló sì máa ń jí i. Nàìjíríà jẹ́ ilé fún àwọn méjèèjì. Irú ibòji tí wọ́n fẹ́ràn kò ṣàjèjì ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, láti Ìyànà Ọ̀fà dé Lálúpọn, Ẹ̀jíòkú àti Lágùn: abẹ́ kòkó àgbà, ìdí obì, etí igbó tí ọkọ́ kì í dé lọ́dọọdún.

Jíjọ tí Oeceoclades jọ ọ̀já ìkookò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí ewé tí a mọ̀ dáadáa ni ọ̀já ìkookò. Ìkookò wo ló tilẹ̀ pọn ọmọ rí? Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti dúró. Wọ́n máa ń fi ewé rẹ̀ yáná títí yóò fi rọ̀, wọn a sì fún omi rẹ̀ sí etí tó ń dunni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, èmi kò sì ní fi ẹni tó bá rí ìtura níbẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, etí tó bá ti ń ṣọyún, tí awọ inú rẹ̀ ti lu, kò yẹ kí á da omi ewé kankan sí i. Dókítà ló ni ìyẹn. Ẹni tó bá já ọ́kíìdì wálé ní èrò pé ọ̀já ìkookò ni, ó ti ṣe àṣìṣe méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ewé tó fẹ́ kọ́ ló rí, èyí tó rí náà kò sì ní tètè rọ́pò ara rẹ̀. Ọ̀nà àtimọ̀ wọ́n kò le. Kí á wo ìdí. Ọ́kíìdì yìí ní kókó kan tó wú bí àlùbọ́sà kékeré lórí ilẹ̀, ibẹ̀ ni ewé ti yọ. Ọ̀já ìkookò kò ní i, abẹ́ ilẹ̀ ni ìdí tirẹ̀ ń rá lọ.

Ti àfòmọ́ tún gùn ju ìyẹn lọ. Ní Ọjà Bódè, n'Ìbàdàn, ẹni tó bá béèrè àfòmọ́ láìsọ igi tó ti wá, lékuléjà yóò mọ̀ pé ọ̀gbẹ̀rì ni. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé agbára àfòmọ́ wà lọ́wọ́ igi tó jókòó lé: ti orí igi yìí wà fún àìsàn yìí, ti orí igi tọ̀hún wà fún tọ̀hún. Àfòmọ́ orí kòkó ni ọ̀pọ̀ ń sè fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi rí ọgbọ́n nínú ìgbàgbọ́ yìí, nítorí ohun tó ń mu omi ara igi lè gba ohun tó wà nínú igi náà sára. Àmọ́ ẹni tó ń mu àgbo ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo kó tó ṣeni ní jàǹbá. Níbi tí ọgbọ́n náà ti dópin ni ọ̀dọ̀ ọ́kíìdì. Ohun tí kò mu omi igi kò lè gba oògùn igi. Ẹni tó bá sì fa ọ́kíìdì ilẹ̀ tu láti lò ó bí àfòmọ́, orúkọ lásán ló lọ̀ mu. Èèwọ̀ àwọn tó ń já ewé náà tún wà: kí á jí lọ kùtùkùtù, kí á má kí ẹnikẹ́ni lọ́nà, kí á fi owó sílẹ̀ fún Ọ̀sányìn, òrìṣà ewé, kí á tó já a. Àwọn kan ń fi èyí rẹ́rìn-ín. Èmi kò gbà pé owó ń dún nínú ewé, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó fún ewé kì í hú u tìdítìdí. Èèwọ̀ náà ń ṣọ́ igbó, yálà ẹni tó ń pa á mọ́ mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Pierre Verger, ará Faransé tí wọ́n ń pè ní Fátúmbí, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ Ewé, tó jáde ní Bràsíìl ní 1995, pé nínú ọfọ̀ Yorùbá, orúkọ ewé àti iṣẹ́ tí a rán an sábà máa ń pín ìró kan náà. Orúkọ la fi ń pe ewé kó dáhùn. Ọ́kíìdì ilẹ̀ kò ní orúkọ tó gbajúmọ̀ bí ewúro tàbí rinrin, mo sì rò pé ìdí nìyẹn tí ọfọ̀ fi fò ó. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ní tiwọn fún un lórúkọ, orúkọ náà ló sì ba ayé rẹ̀ jẹ́. Iṣu méjì tó wà nídìí ọ́kíìdì ilẹ̀ wọn jọ kóró ẹpọ̀n, wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ tí òyìnbó ń pè é dòní ti wá. Ohun tó bá jọ ibẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wò, ni wọ́n wí. Bí alágbo ìdíkọ̀ kan bá gbọ́ èyí, yóò ti rọ ọ́ sínú ìgò páráágà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Tọ́kì, wọ́n ṣì ń lọ irú iṣu bẹ́ẹ̀ sí mímu gbígbóná tí wọ́n ń pè ní salep. Ní Sáńbíà, wọ́n ń gún un mọ́ ẹ̀pà, wọ́n ń sè é títí yóò fi dì bíi mọ́ínmọ́ín, chikanda lorúkọ rẹ̀. Iṣu tí wọ́n ń hú kò tó mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rà á láti Tàǹsáníà. Ara ohun tó mú kí Tàǹsáníà sọ òkè Kitulo di ọgbà ìjọba ní 2005 ni pé àwọn òdòdó wọ̀nyí pọ̀ níbẹ̀. Gbogbo ìdílé ọ́kíìdì ló sì wà lábẹ́ CITES, àdéhùn tó ń ṣọ́ òwò ewéko àti ẹranko igbó láàárín orílẹ̀-èdè, èyí tí Nàìjíríà ti wọ̀ láti 1974.

Kí ló dé tí híhú fi ń pa wọ́n run tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí a ń wa iṣu àti gbágùúdá lọ́dọọdún tí wọn kò tán? Irúgbìn wọn ni ìdáhùn. Irúgbìn ọ́kíìdì dà bí eruku àtíkè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lè wà nínú èso kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọ̀kankan nínú wọn kò gbé oúnjẹ dání kúrò nílé. Àgbàdo ní oúnjẹ nínú, ẹ̀wà ní oúnjẹ nínú; ti ọ́kíìdì dé ilẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Noël Bernard, ará Faransé, ló rí i ní 1899 pé òwú tín-ín-tín-ín tí àwọn ìbátan olú ń ta lábẹ́ ewé jíjẹrà gbọ́dọ̀ wọnú irúgbìn náà, kó máa bọ́ ọ, kó tó lè hù. Ẹnìkan lè ní ìyẹn kì í ṣe dandan, torí ní 1922 Lewis Knudson, ará Amẹ́ríkà, fi ṣúgà nínú ìgò rọ́pò olú, irúgbìn náà sì hù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ìgò tí kòkòrò àìfojúrí kankan kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ni, ẹ̀yìnkùlé kọ́. Ẹlòmíràn lè tọ́ka sí Oeceoclades wa yìí kan náà: ó ti gba Bràsíìl àti àwọn erékùṣù Kàríbíánì kan, láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n sì ti ń rí i ní Florida, níbi tí wọ́n ti kà á sí àlejò tó ń ya ilé onílé. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹgẹ́ bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe rìn jìnnà tó yẹn? Ó rìn nítorí pé òdòdó rẹ̀ lè gbọ̀n lẹ́búlẹ́bú sára ara rẹ̀ láìdúró de kòkòrò, àti nítorí pé olú tó ń bá ṣọ̀rẹ́ ni irú èyí tó ń jẹ ewé àti igi jíjẹrà, tí kò wọ́n níbikíbi. Níbi tí wọ́n bá ti gbá ewé ilẹ̀ tán, òun náà kò ní ọ̀rẹ́.

Àríwísí tó wúwo jù lọ ni ti àgbẹ̀. Yóò ní ewé gbígbẹ ni ejò ń sá sí, pé àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé oko kòkó tó dọ̀tí ni àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú ń jọba sí. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n èso kòkó tó ti rà ni kó kó kúrò, kí afẹ́fẹ́ sì rí ẹ̀ka gbà kọjá. Kò sí ẹni tó ní kó gbá ilẹ̀ oko bí ẹ̀yìn àdògán. Ojú ọ̀nà àti ìdí igi tí ó ń ká ni kó mọ́. Igun kan tí ẹsẹ̀ kì í dé tó fún òdòdó yìí. Èyí tó ń pa á jù kì í tilẹ̀ ṣe ọkọ́ mọ́, oògùn apakoríko tí a ń fọ́n láti ẹ̀yìn wá ni: àdá a máa ṣẹ́ ewé kù sílẹ̀, oògùn a wọ̀ ọ́ dé kókó ìdí. Bí àgbẹ̀ náà bá ní kí ló wúlò fún, ìtàn Ọ̀sányìn ti dá a lóhùn tipẹ́. Ọ̀rúnmìlà rán an lọ roko. Ó kọ̀, torí kò rí ewé kan tí kò níṣẹ́: èyí ń wo ibà, èyí ń wo orí, èyí ń wo inú. Ó tún yẹ kí á rántí fàńílà tí a ń pò mọ́ kéèkì. Èso ọ́kíìdì ni. Edmond Albius, ọmọ ẹrú ọdún méjìlá ní erékùṣù Réunion, ló rí ọ̀nà tí a lè fi ọwọ́ mú kí òdòdó rẹ̀ so ní 1841. Ṣáájú rẹ̀, òdòdó lásán ni wọ́n ń wò níbẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ṣì fẹ́ ọ́kíìdì ilẹ̀ yìí nílé, kó mú u níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ kọ́lé, kì í ṣe nínú igbó tó dákẹ́. Kó gé e pẹ̀lú òkìtì ilẹ̀ rẹ̀, kó má gbọn erùpẹ̀ nù, torí erùpẹ̀ yẹn ni òwú olú wà. Ìkòkò amọ̀ tó ní ihò nídìí ló yẹ ẹ́. Kó fi ewé jíjẹrà, iyanrìn gbàǹgbà àti èérún igi jíjẹrà kún un, kó jẹ́ kí kókó náà yọrí jáde lórí ilẹ̀. Ibòji ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó. Ajílẹ̀ inú àpò kò bá a mu. Omi ni ọ̀pọ̀ fi ń pa á. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Kí á bu omi sí i nígbà tí ewé tuntun bá ń dàgbà, kí ojú ilẹ̀ sì gbẹ kí á tó tún bu. Ìgbín yóò wá ọ̀pá òdòdó rẹ̀ lóru, kí á gbé ìkòkò lé orí òkúta inú àwo omi. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ewé Eulophia yóò pọ́n, yóò sì gbẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń da ìkòkò nù sí ààtàn. Kí wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀ tó gbẹ, kí wọ́n má fún un lómi títí di nǹkan bí oṣù kẹta, nígbà tí àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Òdòdó lè ṣáájú ewé jáde.